Àmì Kajú Lápá Mùtíù

Àṣàbí,

Tíṣà Morádékẹ́, ẹni tí ó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ bàbá rẹ, ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹnu èmi ìyá bàbá rẹ ni. Mo ti sọ fún un pé kí ó má fi "mo lérò pé àlàáfíà ni o wà" bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò lérò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í kọ irú ìwé tí o kọ sí bàbá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù nínú èyí, Tíṣà ló fi iyọ̀ sí i. Ibi tí ó bá ti korò, èmi ni.

Bàbá rẹ ka ìwé rẹ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó rò pé mo ti sùn lórí ẹní. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ pé iṣẹ́ abupá tí ìjọba gbà ọ́ sí dùn mọ́ ọ. Mo gbọ́ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ti pawọ́ pọ̀ láti lé ṣànpọ̀nná kúrò láyé, àti àwọn tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ pàápàá. O ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn nílẹ̀ wa, pé ó ku ìlú díẹ̀ lókè òkun. O ní iṣẹ́ yín ni pé kí ọmọ kankan má ṣẹ́ kù tí kò ní àmì lápá, kí àrùn náà má baà rí ibi wọ̀ sí bí ó bá tún yà wá. Ìyẹn dára. Mo sì gbọ́ èyí tó kù.

O ní abúlé kan wà lẹ́yìn odò, ní ìhà Òkè-Ògùn tí ẹ wà yẹn, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ kó ọmọ wọn pamọ́ sínú aká àgbàdo, tí wọ́n sọ pé oko ni àwọn ọmọ lọ. O gbọ́ tí ọmọ ń wúkọ́ nínú aká. Ọ̀gá yín wo oòrùn, ó wo mọ́tò, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé a ti ṣe é tán. Ta ni yóò tún gba ojú ọ̀nà yìí padà wá?" O ní ọwọ́ rẹ ni ìwé àkọsílẹ̀ náà wà, pé o kò tíì kọ nǹkan kan síwájú orúkọ abúlé yẹn, pé ìparí oṣù ni ẹ máa kó ìwé jọ. O wá ń bi bàbá rẹ pé kí ni kí o ṣe.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ yìí ò tíì gbọ́n o! Ṣé òun ló bí wọn ni? Kí ó kọ ohun tí ọ̀gá ní kí ó kọ, kí iṣẹ́ lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo dìde jókòó. Mo ní, "Làmídì, ká apá aṣọ rẹ sókè."

"Háà, Ìyá, ẹ ò tíì sùn?"

"Mo ní kí o ká apá aṣọ rẹ sókè."

Ó ká a. Àmì náà wà níbẹ̀, ó jin bí ibi tí èèyàn ti fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀. Mo wò ó títí, mo ní kí ó máa lọ. Kò mọ ohun tí mo ń wò. Ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Láti ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan.

O mọ̀ pé ọmọ Ìlọrà ni mí, pé ọkọ ló gbé mi wá sí Fìdítì. Nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Sàláwà ni àkọ́bí, Mùtíù tẹ̀lé e, bàbá rẹ ni àbíkẹ́yìn. Mo ti já bàbá rẹ lẹ́nu ọmú, mo gbé e fún ìyá mi ní Ìlọrà, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìgbà epo ni. Ẹbu tí a ti ń ṣe epo wà nísàlẹ̀ odò, láti ìdájí ni mo sì ń wà níbẹ̀, tí mo ń tẹ ẹyìn nínú kòtò dé orúnkún.

Akéde wá kéde pé àwọn abupá ìjọba ń bọ̀, pé kí ìyá ọmọ kankan má lọ sóko. Oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn ń sọ. Àwọn kan ní àrùn náà gan-an ni wọ́n dì sínú ìgò tí wọ́n ń fi há ọmọ lára. Àwọn kan ní ẹni tó bá gbà á ti pe Olóde níjà. Nígbà náà a kì í dárúkọ ṣànpọ̀nná, a ó ní Olóde, tàbí a ó ní ilẹ̀ gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi yóò sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá bupá fún ọmọ, apá rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ọmọ méjì lẹ́yìn ìyá kan, ẹbu ńkọ́? Nítorí epo ni, Àṣàbí. Kò sí ìdí mìíràn.

Igi kajú ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Mo ń sun kóró rẹ̀ lọ́jọ́ kan, omi inú èèpo rẹ̀ ta sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó bó o. Nígbà tí ó jinná, ó di àmì róbótó. Ọ̀rẹ́ mi tí ilé wa kọjú síra, Ìyá Sáfù, rí i, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé abupá ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ tìrẹ ni?" A rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni tirẹ̀. Èmi ni mo sọ àwàdà di ọgbọ́n. Kí Ìyá Sáfù tó délé, mo ti fọ́ kóró kajú tútù, mo ti mú ẹyọ ọwọ̀ kan fi omi rẹ̀ kan apá Sàláwà, mo fi kan ti Mùtíù. Wọ́n ké. Mo fún wọn ní kajú yíyan jẹ, wọ́n dákẹ́. Kí abupá tó dé, egbò ti jinná, àmì ti yọ.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni abupá náà, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé àpótí páànù kékeré lọ́wọ́.

"Ìyàwó, àwọn ọmọ dà?"

"Àwọn nìyí, ọ̀gá. Wọ́n ti ṣe é fún wọn ní Ìlọrà."

Ó wo apá Sàláwà. Ó di ti Mùtíù mú, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ṣe eléyìí? Ó dà bí ẹni pé iná ló jó o."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ni, ọ̀gá. Ọwọ́ yín ló le."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń pa á, agboolé sì pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ilẹ̀kùn mi, ìyẹn ni pé ilé yìí ti pé, kí ẹnikẹ́ni má tún yà á mọ́. Mo gba ẹbu lọ.

Ṣé o rí i? Abupá tèmi náà wo oòrùn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá mi gbé bàbá rẹ wá kí mi. Ọmọ náà sáré sí mi, ó na apá sí mi, ó ní, "Ìyá, wò ó!" Apá náà wú, abupá ti ṣe é ní Ìlọrà. Mo gbá a létí. Ọmọ tí kò tíì lè ka ìka ọwọ́ rẹ̀ tán. Mo kọjú sí ìyá mi.

"Ta ló ní kí ẹ gbé ọmọ mi fún wọn?"

"Èmi ni. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú fún wọn."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

"Èmi ni mo bí ọ. Ó kàn jẹ́ pé n kò bí ọgbọ́n mọ́ ọ."

Mo gbé ọmọ lọ sẹ́yìn ilé, mo fi omi eérú fọ apá rẹ̀ bóyá yóò ṣí. Kò ṣí. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó ṣí. N kò jẹ́ kí ó tún tẹ̀ lé ìyá mi padà mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì, àrùn náà wọ Fìdítì. Orí ẹní kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn, bàbá rẹ ló sì máa ń wà láàárín. Mùtíù ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà Sàláwà. Mùtíù kú. Sàláwà yè é, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ lọ, o sì mọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Bàbá rẹ tó sùn sáàárín wọn kò ní ju ikọ́ lọ.

Ní ayé ìgbà yẹn, a kì í sunkún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá pa. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ dá a láṣà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wá gbé e lọ, n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí di òní. Àwọn àgbà ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóde. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ibi tí ó burú jù nìyí. Ìyá Sáfù wá kí mi. Kò lè ní kí n pẹ̀lẹ́, èèwọ̀ ni. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tìrẹ ní àmì lápá, ó sì lọ. Kí ni wọ́n wá ń bupá sí?" Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Nígbà tí àwọn abupá sáré padà wá nítorí pé àrùn ti wọ ìlú, Ìyá Sáfù kó àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì gbà á sá lọ sóko. Àwọn ilé mìíràn náà sá lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: "Ti ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́, tí àmì wà lápá rẹ̀?" Oko ni Sáfù kú sí. Èmi àti Ìyá Sáfù jọ dàgbà, a jọ ń jẹ, a jọ ń rìn. Ní ìdunta ó kú. Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀. N kò sọ fún un.

Níbí ni Tíṣà gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n yọ ti Mùtíù kúrò? Ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Mo ní, "Bí o bá yọ ọ́, kí ló kù nínú ìwé náà? Ìkíni?" Ó gbé kálàmù.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi báyìí.

Èkíní, má ṣe kọ ohun tí ọwọ́ yín kò ṣe. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ṣọ́ọ̀kì ara ilẹ̀kùn mi. Ọmọ tí a kò kọ pé ó ti gbà á, ẹnìkan á ṣì máa wá a kiri. Ọmọ tí a kọ pé ó ti gbà á, kò sẹ́ni tí yóò wá a mọ́ láyé. Ọjọ́ tí àrùn bá sì mú un, wọn kò ní sọ pé Àṣàbí purọ́. Wọ́n á ní ìbupá kò ṣiṣẹ́, abúlé mẹ́wàá á sì gbà wọ́n gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ ti pa lójú ọ̀nà kò ní jí.

Bí ọ̀gá bá bínú, má bá a jà. Fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí mo rí ni mo kọ: àwọn ọmọ wà níbẹ̀, a kò rí wọn." Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Epo kò tíì tán lẹ́bu.

Èkejì ni bí o ó ṣe padà lọ síbẹ̀, nítorí o gbọ́dọ̀ padà lọ kí oṣù tó parí. Má gbé mọ́tò wọ abúlé náà. Fi í sílẹ̀ létí odò níhà ìhín, kí o fẹsẹ̀ rìn. Ẹ kí baálẹ̀, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Béèrè obìnrin tó dàgbà jù. Baálẹ̀ ló ni ilẹ̀, ìyá arúgbó ló ni ọmọ. Bí ìyá mi ní Ìlọrà bá lè na apá ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún wọn, tí èmi tí mo gbọ́n kọ̀, wàá mọ ẹni tí ó yẹ kí o bá sọ̀rọ̀.

Kí o sì bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Kò sí abupá tó bi mí rí. Bí ọkùnrin yẹn bá bi mí pé, "Ìyàwó, ọjọ́ wo ni epo rẹ máa tán?" mo mọ ọjọ́ náà, n bá sọ fún un. Ẹ̀rù kọ́ ló ń kó ọmọ sínú aká nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn àgbàdo tó wà nílẹ̀ ni.

Má sọ fún wọn pé kò ní dùn wọ́n. Sọ fún wọn pé apá á wú, pé ara á gbóná, pé ọmọ á sunkún. Sọ iye ọjọ́. Bí o bá sọ òótọ́ kékeré yìí, wọ́n á gba ńlá gbọ́ lẹ́nu rẹ. Má sì pè wọ́n ní ará oko. Èmi kì í ṣe ará oko nígbà tí mo ṣe tèmi. Inú ìlú ni mo wà, etí títì.

Bí o bá dé ibi àmì, má kàn wò ó gba ibẹ̀ kọjá. Fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí abupá ṣe a máa jin, inú rẹ̀ a sì ní ihò wẹ́wẹ́. Èyí tí kajú ṣe a máa dán, a tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì dúdú ju ara lọ. Bí o bá rí i, má pariwo lé ìyá rẹ̀ lórí, má sì jẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Fà á sẹ́yìn ilé, kí o ní, "Ìyá mi àgbà náà ṣe irú rẹ̀." Á na apá ọmọ náà sí ọ.

Mo ń ronú lórí ohun tí o sọ pé gbogbo ayé ló pawọ́ pọ̀. N kò mọ ayé. Ìlú tó jìnnà jù tí mo dé ni Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Bí gbogbo ayé bá rìn láti òkè òkun dé etí odò kan ní Òkè-Ògùn, tí wọ́n wá yí padà níbẹ̀ nítorí oòrùn, wọn kò rin ìrìn kankan.

Mo dá Tíṣà dúró síbí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ ni pé kò tọ́ kí ìwọ gbọ́ ṣáájú ẹni tí mo ṣẹ̀. O mọ̀ pé Sàláwà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ kan ọmọ-ọmọ rẹ̀, Kúdírá. Bí wọ́n bá dé, á fọwọ́ kan ojú rẹ̀ tó fọ́, á ní, "Èmi gbà á nígbà tèmi. Ẹ wo ohun tí mo fi gbà." Mo ránṣẹ́ pè é láti Ìlọrà. Kò fẹ́ràn àtiwọ mọ́tò láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí awakọ̀ máa gba apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó wá. Mo ní kí Tíṣà ka gbogbo èyí tó wà lókè yìí fún un. Mo jókòó, n kò bo ojú.

Nígbà tí Tíṣà kà á tán, Sàláwà fi ìka tẹ apá ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa àmì náà. Ó ní, "Mo rántí kajú yíyan yẹn. Láti kékeré ni mo ti rò pé abupá ló fún mi."

Lẹ́yìn náà ó bú mi. Tíṣà kọ̀ láti kọ èébú náà sílẹ̀, ó ní òun jẹ́ olùkọ́. Sàláwà kò jẹ oúnjẹ mi, kò sì mu omi mi. Ó wọ mọ́tò padà. Lánàá, awakọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní obìnrin kan ní Ìlọrà ní kí òun béèrè ọjọ́ tí Àṣàbí máa wálé. Ó ní kí o mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bí o bá ń bọ̀, nítorí Kúdírá. Kò kí mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà Sàláwà ti gbọ́. Ọmọ Ìyá Sáfù kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ń la pákó ní Ọ̀yọ́. Èmi fúnra mi ni yóò lọ sọ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tèmi nìyẹn, má dá sí i.

Àwọn obìnrin abúlé ẹ̀yìn odò ló kàn, tìrẹ sì ni wọ́n. Mo yọ̀ǹda orúkọ mi fún ọ. Sọ fún wọn pé Àbẹ̀kẹ́ ní Fìdítì fi kajú ṣe àmì sápá ọmọ méjì, ọ̀kan kú, ọ̀kan fọ́jú kan, ẹ̀kẹta tí wọ́n bupá fún lóòótọ́ sì bí ọ. Ká apá aṣọ rẹ sókè kí wọ́n rí tìrẹ.

Bàbá rẹ ni kí o sọ fún kẹ́yìn. Mo ti kìlọ̀ fún Tíṣà kí ó má bá a sọ nǹkan kan. Bí o bá wálé, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ó ti ka ìwé tìrẹ, kí o ka èyí fún un sókè. Mo lè wà lórí ẹní, kò túmọ̀ sí pé mo ń sùn. Bí o bá dé ibi tí mo ti gbá a létí, dúró díẹ̀. Sọ fún un pé mo ní n kò jàre. Yóò sọ pé òun kò rántí. Sọ fún un pé èmi rántí.